Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá

Àwọn baba wa tí wọ́n ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́ kò mọ̀ nígbà náà pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹni tí yóò kọ́kọ́ wọ ilé tọkọtaya tó ń jà, kí adájọ́ tó gbẹ́nu lé ọ̀rọ̀ wọn, yóò jẹ́ àlejò kan tó gbé ìwé àti gègé dání, tí kì í ṣe ìbátan ọkọ, tí kì í ṣe ará ilé ìyàwó, tí kò jẹ nínú iyán ìgbéyàwó wọn, síbẹ̀ tí ọ̀rọ̀ tó bá kọ sílẹ̀ lè gba ọmọ lẹ́yìn ìyá rẹ̀ kí ó sì gbé e fún baba, tàbí kí ó gbà á lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Òmíràn nínú àwọn àlejò wọ̀nyí jẹ́ dókítà ọpọlọ. Òmíràn jẹ́ onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mọ bí ọkàn ènìyàn ṣe ń rò àti ìdí tí ó fi ń hu ìwà tí ó ń hù. Òmíràn sì jẹ́ òṣìṣẹ́ wẹ́fíà tí ìjọba rán. Wọn yóò wo ìyá, wọn yóò wo baba, wọn yóò wo ọmọ, wọn yóò sì kọ̀wé sí adájọ́ pé lọ́dọ̀ ẹni báyìí ni ara yóò ti tu ọmọ yìí jù.

N kò bá iṣẹ́ náà jà. Lọ́yà ọkọ ń sọ ti ọkọ, lọ́yà ìyàwó ń sọ ti ìyàwó, ọmọ kò sì ní owó lọ́yà. Bí erin méjì bá ń jà, koríko abẹ́ wọn ló ń fara gbá a, ó sì yẹ kí ẹnìkan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó bẹ̀rẹ̀ kí ó wo koríko lọ. Ohun tí mo bá jà ni ìwé tí ẹni tó kọ ọ́ kò rí gbogbo ilé, tí kò gbọ́ èdè ilé, tí adájọ́ sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ bí ìgbà tí babaláwo bá gba odù lọ́wọ́ Ifá.

Ẹjọ́ kan wà tí àwọn amòfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà kò tíì gbàgbé títí di òní, ẹjọ́ Painter àti Bannister, tí kóòtù tó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ Iowa dá ní oṣù kejì ọdún 1966. Ní ìparí ọdún 1962 ni ìyàwó Painter àti ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀. Ọkùnrin náà, tí ikú ti dá ilé rẹ̀ rú, gbé ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó kù fún àwọn òbí ìyàwó rẹ̀, ìdílé Bannister, ní ìlú Ames, pé kí wọ́n bá òun mójú tó o ná. Kò sí ohun àjèjì nínú èyí fún wa. Ta ni nínú wa tí kò mọ ọmọ tí ìyá ìyá rẹ̀ tọ́? Nígbà tí Painter fẹ́ ìyàwó mìíràn ní California ní 1964, ó ní kí wọ́n dá ọmọ òun padà. Àwọn àgbà kọ̀. Kóòtù àkọ́kọ́ ní kí wọ́n dá ọmọ fún baba rẹ̀. Wọ́n pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, kóòtù tó ga jù lọ náà sì yí i padà, ó ní kí ọmọ dúró síbi tó wà.

Ohun tó gbé ìdájọ́ náà ró ni ẹ̀rí onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá kan, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ìdàgbàsókè ọmọdé, tó lo nǹkan bíi wákàtí 25 láti mọ ọmọ náà àti ilé àwọn àgbà, tó sì jẹ́rìí pé ọmọ ti fi baba ìyá rẹ̀ ṣe baba, àti pé ewu ńlá wà nínú kí a já a gbà kúrò níbẹ̀. Wákàtí 25 kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo wákàtí wọ̀nyẹn, ọ̀jọ̀gbọ́n náà kò bá baba ọmọ jókòó rí, kò sì mọ irú ilé tí ọmọ ìbá lọ bá. Adájọ́ àkọ́kọ́ rí àlébù yìí, ó sì tìtorí rẹ̀ fojú kékeré wo ẹ̀rí náà. Àwọn adájọ́ àgbà rí i pẹ̀lú, wọ́n fò ó dá. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà: èmi kò rò pé òṣìkà ni ọ̀jọ̀gbọ́n náà, n kò sì rò pé òṣìkà ni àwọn adájọ́ wọ̀nyẹn, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí òṣìkà ń gbà ni wọ́n gbà lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wá fi ilé méjèèjì wéra nínú ìdájọ́. Àwọn àgbà kàwé, wọ́n ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ìlú ń bọ̀wọ̀ fún wọn, ilé wọn sì dúró déédéé. Ilé baba ọmọ jẹ́ ilé àtijọ́ tí kò kùn lọ́dà, nítorí pé ó fẹ́ràn igi tí wọ́n fi kọ́ ọ bí ó ti wà. Koríko àgbàlá rẹ̀ sì ga, kò gé e. Gbogbo rẹ̀ ló wọ inú ìwé, títí kan pé súwẹ́tà ló wọ̀ lọ sí ìsìnkú ìyàwó rẹ̀. (Èmi tí mò ń kọ èyí, koríko ẹ̀yìnkùlé mi a máa dé orókún ní oṣù keje, mo sì dúpẹ́ pé adájọ́ kankan kò tíì wá wò ó.) Nígbà tó di ọdún 1968, ọmọ náà lọ kí baba rẹ̀ ní California, ó ní òun kò padà mọ́, àwọn àgbà kò sì tún bá a jà sí i. Ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n ní yóò ba ọmọ jẹ́, ọmọ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ bá a.

Bí a bá yíjú sí ilé tiwa ní Nàìjíríà, àìlófin kọ́ ni ìṣòro wa. Òfin ìgbéyàwó ti ọdún 1970 ti sọ ọ́ pé ire ọmọ ni kí adájọ́ fi ṣáájú, ó sì fún un ní agbára láti dá ìgbẹ́jọ́ dúró títí òṣìṣẹ́ wẹ́fíà yóò fi mú àbọ̀ ìwádìí wá. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, tí àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá ti sọ di òfin tiwọn, tilẹ̀ lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó ní kí ènìyàn méjì máa jókòó ti adájọ́ kóòtù ẹbí, kí ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ẹni tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ ọmọdé, àgàgà ẹni tó kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ọkàn ọmọdé. Ọgbọ́n wà nínú ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ lọ jókòó sí kóòtù ìbílẹ̀ kan ní òwúrọ̀ ọjọ́ ẹjọ́, kí ẹ wo bí wọ́n ṣe ń pe ọmọ ọdún méje sí àárín ìyá àti baba rẹ̀, lójú gbogbo èrò, kí wọ́n tó bi í pé, "Ta lo fẹ́ bá lọ?" Mo ti rí ọmọ tó fi ẹnu bọ ẹ̀wù rẹ̀, tó ń jẹ ọrùn ẹ̀wù náà títí ó fi tutù rinrin, tí kò sì dáhùn. Ìyà ni a fi jẹ ọmọ náà lọ́jọ́ náà, a kàn fi aṣọ ẹjọ́ bò ó ni.

Kí n má parọ́ mọ́ àwọn àgbà wa: àwọn ìdílé tí ń yanjú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́ mọ ọmọ, wọ́n mọ ilé, wọ́n mọ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá sí ẹgba, ìmọ̀ wọn sì ju ti àlejò tó wá fún ọjọ́ méjì lọ, ṣùgbọ́n ojúsàájú wọn kò fara sin, nítorí pé baba ló lọmọ ni wọ́n ti pinnu kí ìyá tó kúnlẹ̀ rojọ́. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ àlejò tí kò ní ẹbí nínú ọ̀rọ̀ náà, bí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ibi tí a ti nílò rẹ̀ jù ni ibi tí àìsàn ọkàn ti wọ ọ̀rọ̀. Ní ọ̀dọ̀ wa, bí ọkọ bá fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ ìyàwó, kò nílò ẹ̀rí púpọ̀. Bí ó bá ti sọ ní gbangba pé "ó ti dé Aro rí", ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Abẹ́òkúta, ojú gbogbo kóòtù yóò yí sí obìnrin náà, ẹni tó jókòó tì í yóò sì sún díẹ̀. Ó lè jẹ́ abísínwín ló ṣe é ní ọdún méje sẹ́yìn, tí wọ́n tọ́jú rẹ̀, tí ó sàn, tí ó sì ti ń ta ọjà, tí ó ń san owó ilé ìwé láti ìgbà náà wá. Ta ni yóò sọ fún adájọ́ pé àìsàn àná yàtọ̀ sí agbára òní, bí kò bá ṣe dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò lónìí? Ó sì yẹ kí ó yà wá lẹ́nu pé orúkọ Aro la fi ń ṣe èyí, nítorí pé láti ọdún 1954 ni Thomas Adeoye Lambo, dókítà ọpọlọ tó jẹ́ ọmọ Abẹ́òkúta, ti fi àwọn aláìsàn rẹ̀ wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó yí Aro ká, tí ó sì ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wá pẹ̀lú ìbátan kan tí yóò máa dáná fún un, tí yóò sì máa mú un lọ gba ìtọ́jú. Ọkùnrin náà mọ̀ pé a kò lè yẹ ọkàn Yorùbá wò kí a yọ àwọn ènìyàn rẹ̀ kúrò níbẹ̀.

Ìmọ̀ tí àwọn olùyẹ̀wò òde òní fi ń ṣiṣẹ́, nípa bí ọmọ ọwọ́ ṣe ń so mọ́ ẹni tó ń tọ́ ọ, kì í tilẹ̀ ṣe àjèjì sí ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Kí Mary Ainsworth, onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá, tó di ìlúmọ̀ọ́ká ní Amẹ́ríkà, àwọn abúlé ẹ̀bá Kampala ní Uganda ló ti kọ́kọ́ jókòó ti àwọn ìyá tó ń gbé ọmọ pọ̀n, ní àárín àwọn ọdún 1950, ó ń wo ẹni tí ọmọ ń sá tọ̀ nígbà tí ẹ̀rù bá bà á. Ó lọ sí ilé wọn, ó sì lo ògbufọ̀. Ẹni tó bá ń lo ìmọ̀ rẹ̀ lónìí tí kò lè ṣe tó bẹ́ẹ̀, èso ló jẹ, kò mọ igi.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn ènìyàn wa pọ̀ sí, òfin kò tilẹ̀ dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti pe ara rẹ̀ ní onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá lásán. Àwọn orúkọ tó ní àfikún lára nìkan ni òfin dáàbò bò, ọ̀rọ̀ yìí sì wà lára ohun tí Andrew McFarlane, olórí àwọn adájọ́ ẹjọ́ ẹbí nígbà náà, fẹnu kàn nínú ìdájọ́ kan ní 2023. Ṣùgbọ́n kí n fi ti àwọn mìíràn sílẹ̀, kí n sọ ti ara mi.

Wọ́n pè mí ṣe ògbufọ̀ nígbà kan nínú ilé kan ní gúúsù London. Yorùbá ni ọkọ, Yorùbá ni ìyàwó, wọ́n ti kọ ara wọn, ọmọ wọn ọkùnrin wà lọ́dọ̀ ìyá, ìyá ìyá rẹ̀ sì ti wá láti ilé láti bá a tọ́ ọ. Ẹ̀sùn tí baba mú lọ sí kóòtù ni pé wọ́n ń yí ọmọ náà lọ́kàn padà sí òun, irú ẹ̀sùn tí dókítà Amẹ́ríkà kan, Richard Gardner, fún ní orúkọ ní 1985, tí àwọn onímọ̀ kò sì tíì ṣíwọ́ àríyànjiyàn lé lórí. Olùyẹ̀wò tí kóòtù yàn jẹ́ ọmọbìnrin òyìnbó kan tó mọ ìwà hù. Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún un. Bí ọmọ ti ti ilé ìwé dé, ó dọ̀bálẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, ìyá àgbà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì í, láti orí Àkànní títí dé orí àwọn Oníkòyí, ohùn rẹ̀ ń lọ sókè, ọmọ dojú bolẹ̀, kò mira, bí ẹni tí òjò ń rọ̀ sí lára tí ó sì ń gbádùn rẹ̀. Oríkì ilé baba ọmọ ni. Ilé ọkùnrin tí wọ́n jọ ń lọ sí kóòtù ni obìnrin yìí ń kì, lójoojúmọ́, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Olùyẹ̀wò rọra bi mí pé kí ni ìyá ń sọ. Mo ní, "Ó ń kí ọmọ náà káàbọ̀ ni." Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, wọ́n ní kí n wá túmọ̀ ìwé náà fún ìyá àgbà. Ó wà nínú rẹ̀ pé ọmọ kì í wo àgbàlagbà lójú, pé ó dákẹ́ ó sì sorí kọ́ nígbà tí ìyá ìyá rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ sí i lóhùn òkè, àti pé kò sí ohun kan nínú ilé náà tó ń rán ọmọ létí ìdílé baba rẹ̀. Ìyá àgbà tẹ́tí sílẹ̀ títí mo fi parí, ó sì ní kí n padà ka èyí tó gbẹ̀yìn. Mo kà á.

"Oríkì tí mo kì ńkọ́?"

Mo ní, "Kò sí níbẹ̀, Màmá."

Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀. "Ṣé ìwọ kò sọ fún un ni?"