Káàdì Ilé Ìwòsàn Àwọn Jagunjagun Wa

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá síwájú ẹ̀yin òǹkàwé wa ní oṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọba, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti oyè; ọ̀rọ̀ káàdì ilé ìwòsàn ni. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ohun kékeré ni èyí fún ìwé Ẹgbẹ́ tí ń tọ́jú èdè àti ìṣe Yorùbá, a bẹ̀ ẹ́ kí ó fara balẹ̀ kà á dé ìdí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn ìsìn, ọkùnrin kan tí ń gbé ní Agége tọ̀ wá wá pẹ̀lú ọ̀rá dúdú kan ní abíyá. Ó wà nínú àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà tí a rán lọ sí Làìbéríà nígbà ECOMOG, ẹgbẹ́ ogun tí ó kọ́kọ́ wọ Monrovia ní oṣù kẹjọ ọdún 1990. Ọkọ̀ ogun dojú dé pẹ̀lú rẹ̀ níbẹ̀, ó sì ṣe é léṣe ní ẹ̀yìn àti ní ìbàdí. Nígbà tí ó béèrè owó àbùkù ara, èsì tí ó rí gbà ni pé kò sí ohun tí ó fi hàn pé ẹnu iṣẹ́ ogun ni ó ti fara pa. Ó fẹ́ pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, ó sì ní kí a bá òun ka ohun tí ń bẹ nínú ọ̀rá náà.

A kà á. Lórí káàdì kan tí ó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta péré ni a bá, tí ó túmọ̀ sí pé ó ṣubú, ẹ̀yìn sì ń dùn ún. Kò sí Làìbéríà níbẹ̀, kò sí ọkọ̀, kò sí ogun. A bi í léèrè ohun tí ó sọ ní ọjọ́ náà. Ó ní, “Àlùfáà, gbogbo rẹ̀ ni mo rò fún wọn, gẹ́gẹ́ bí mo ti rò ó fún yín yìí.” Ó fi Yorùbá rò ó, ẹni tí ó kọ ọ́ fi Gẹ̀ẹ́sì gé e kúrú. Fún ohun tí ó lé ní ọgbọ̀n ọdún ni ó fi ń gbé ẹlẹ́rìí tí ń jẹ́rìí lòdì sí i kiri, tí ó sì ń tọ́jú rẹ̀ bí ohun iyebíye.

Ẹni tí ó bá ń béèrè irú owó bẹ́ẹ̀ ní láti fi àìsàn tí ó wà lára rẹ̀ nísinsìnyí hàn, kí ó fi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i lẹ́nu iṣẹ́ hàn, kí ó sì fi okùn tí ó so méjèèjì pọ̀ hàn. Àwọn ènìyàn wa a máa lọ pẹ̀lú èkíní nìkan, wọn a sì ká aṣọ sókè láti fi àpá hàn. Àpá kò lè sọ ọjọ́, kò sì lè sọ ibi. Ìwé dókítà ni yóò so okùn náà, dókítà kò sì lè so ó bí kò bá rí àwọn ìwé àtijọ́: ìwé ìyọ̀ǹda kúrò lẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú nọ́ḿbà ológun, káàdì ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan, àti àwòrán egungun.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣe àjèjì sí agbègbè wa. Nítorí àwọn ọmọ ogun tí ó gbọgbẹ́ nínú ogun 1939 sí 1945 ni a ṣe dá ilé ìwòsàn Igbóbì sílẹ̀ ní ọdún 1945. Isaac Fadóyebọ̀ ará Ẹ̀múrè-Ilé, tí ìbọn ọ̀tá bà ní Burma ní ọdún 1944, kọ ìtàn ara rẹ̀ sínú ìwé tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1999, kí ó tó di olóògbé ní 2012. Mélòó nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó ní irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Ní Ìkẹjà pàápàá, ẹ rántí ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2002, nígbà tí àwọn bọ́ǹbù bú gbàmù ní bárékè, tí ènìyàn tí ó ju 1,000 lọ kú, tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń sá sì rì sínú omi ní Òkè-Àfà. Ẹni tí ń sá fún ẹ̀mí rẹ̀ kì í padà wá gbé ìwé. Ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀, kí ẹ sì fi ọ̀kan pamọ́ sí ilé ọmọ tàbí àbúrò.

Ohun mìíràn ń bẹ. Ọ̀pọ̀ ológun tí ó ti fẹ̀yìntì ni ó ń ṣe ọdẹ ní ẹnu ọ̀nà àwọn ilé iṣẹ́ wa ní Ìkẹjà, Ògbà àti Agége. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá tún fara pa, ilé iṣẹ́ lè wí pé ọgbẹ́ ogun ni, kí ìjọba wí pé ti ilé iṣẹ́ ni. Òfin owó gbà-má-bínú ti ọdún 2010, tí àjọ NSITF ń mójú tó, kò kan ọmọ ogun, ṣùgbọ́n ó kan ọdẹ tí ilé iṣẹ́ gbà. Kí ó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ láàárín ọjọ́ 14, kí ó sì béèrè owó náà kí ọdún kan tó pé. Bí káàdì ìṣáájú bá ti ya ọgbẹ́ àtijọ́ sọ́tọ̀, kò sí ẹni tí yóò lè da méjèèjì pọ̀ mọ́ ọn lójú.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi ohùn líle lé yín padà. Òfin ìlera ti ọdún 2014 pàṣẹ pé kí ilé ìwòsàn ní àkọsílẹ̀ fún olúkúlùkù ẹni tí ó tọ́jú, òfin ti ọdún 2023 lórí ààbò àkọsílẹ̀ sì fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti gba ẹ̀dà ohun tí a kọ nípa rẹ̀. Ẹ fi ìwé béèrè, kí ẹ sì gba òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tiyín.

Àwa tí ń kọ́ àwọn olùkọ́ni kò mọ́ nínú ẹ̀bi yìí. A ní akẹ́kọ̀ọ́ tí ó lè túmọ̀ oríkì sí Gẹ̀ẹ́sì dáradára. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí ó túmọ̀ “ó ń ro mí,” “ó ń ta mí,” “ó ń gún mi,” “ẹsẹ̀ mi kú,” yóò fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dá gbogbo wọn lóhùn. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹsẹ̀ tí ó kú àti ẹsẹ̀ tí ń roni kì í ṣe àìsàn kan náà lójú dókítà.

Nítorí náà, àwa kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó ní ọjọ́ Àbámẹ́ta pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Jagunjagun a rò ó ní Yorùbá, a ó kọ ọ́ bí ó ti wí, a ó kà á sí i létí, lẹ́yìn náà ni a ó tó túmọ̀ rẹ̀. Bí ó bá ń lọ rí dókítà, ẹnì kan nínú wọn a bá a lọ, yóò sì ka ohun tí a kọ fún un kí wọ́n tó dìde níwájú tábìlì. A ń fẹ́ ọmọ Ẹgbẹ́ sí i tí ó mọ èdè méjèèjì.

Ọkùnrin Agége náà ti rí ẹnì kan tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ ọjọ́ náà, ní Abẹ́òkúta, ẹni náà sì ti búra ní ilé ẹjọ́. Ìwé rẹ̀ ti lọ ní oṣù tí ó kọjá. Èsì kò tíì dé.