Ẹ Wá Ibi Tó Ń Jò

Ẹ̀yin onímọ́tò Adja-Ouèrè, bí ẹ̀rọ atẹ́gùn tútù inú mọ́tò yín kò bá tutù mọ́, ẹ má ra agolo gáàsì láti rọ ọ́ sí i fúnra yín nílé. Gáàsì yìí kì í jó tán bí epo mọ́tò. Inú páìpù ló ń yí ká. Bó bá dín kù, ó ń jò ni. Ta ní í pọnmi sínú agbè tó lu? Owó epo pupa yín lẹ ń fọ́n dànù.

Kílò 1 gáàsì R134a tó bá tú jáde ń mú ayé gbóná ju kílò 1000 gáàsì CO2 lọ. Oko wa ni yóò jìyà rẹ̀. Bó bá ta sójú, ó lè fọ́ ojú.

Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ dí ibi tó ń jò ná, kó tó rọ òmíràn.