Ìkìlọ̀: Ẹ Má Fi Ọwọ́ Ti Ìfun Ọmọ Tuntun Padà Sínú

Ẹ̀yin agbẹ̀bí, ẹ̀yin ìyá àgbà tó ń jókòó ti aláboyún, ẹ̀yin baba tó ń dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí wà fún. Bí ọmọ bá wáyé tí ìfun rẹ̀ wà níta ikùn, ẹ má tì í padà. Ẹ má fi òrí, adín tàbí àgbo kàn án. Ẹ má tíì fún un ní omi, ẹ má tíì fún un lọ́mú. Ọmọ náà ṣeé wò, bó bá tètè dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ abẹ.

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Nínú èyí tí àwọn dókítà ń pè ní gastroschisis, ihò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdodo, lápá ọ̀tún lọ́pọ̀ ìgbà, ìfun á gba ibẹ̀ jáde gbayawu. Èkejì, omphalocele, gba ojú ìdodo gan-an jáde, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sì bò ó. Ẹ ṣọ́ra kí awọ yẹn má bẹ́. Ọmọ tó bá ní irú èyí sábà máa ń ní àìlera mìíràn pẹ̀lú, pàápàá ti ọkàn.

Lọ́dún 2021, ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet gbé ìwádìí kan jáde láti ilé ìwòsàn 264 ní orílẹ̀-èdè 74. Nínú 100 ọmọ tó ní gastroschisis, àwọn tó kú ní orílẹ̀-èdè olówó kò tó 2. Ní orílẹ̀-èdè tí kò lówó tó bẹ́ẹ̀, wọ́n tó 32. Níbi tí òṣì ti pọ̀ jù, 90 ni. Àwọn tó dé ilé ìwòsàn nìkan ni wọ́n sì kà o. Ta ló ka àwọn tó kú sílé?

Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ àti owó wà lọ́hùn-ún, wọ́n sì ń gba ojú iṣan bọ́ ọmọ títí ìfun rẹ̀ á fi lè ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ tiwa ló ń dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ abẹ nígbà tí òtútù ti mú wọn, tí omi ara ti gbẹ, tí kòkòrò àrùn ti wọ ẹ̀jẹ̀. Dídènà èyí wà lọ́wọ́ wa.

Ẹ wá ọ̀rá funfun tó ń fi inú hàn, tó mọ́, tí wọn ò lò rí. Ẹ ki ẹsẹ̀ ọmọ bọ̀ ọ́, ẹ fà á gòkè dé abíyá, kí ìfun wà nínú rẹ̀, kó má gbẹ. Ẹ dé fìlà fún un, ẹ fi aṣọ gbígbẹ wé e lórí ọ̀rá náà. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún tẹ́ ẹ, kí ìfun má baà lọ́ lẹ́nu ihò. Ẹ máa wo àwọ̀ ìfun náà: bó bá ń dúdú, ẹ̀jẹ̀ ò dé ibẹ̀ mọ́, ẹ sáré sí i. Bí nọ́ọ̀sì bá wà nítòsí, kó fa omi sí ọmọ lára, kó sì ki rọ́bà tín-ín-rín sí i nínú ikùn, kó má baà bì sínú ẹ̀dọ̀fóró.

Dókítà gan-an kì í fi tipá ti gbogbo rẹ̀ wọlé. Bí inú ọmọ ò bá gbà á, á fi àpò pàtàkì kan bò ó, á máa sún un wọlé díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Bí wọ́n bá há ìfun mọ́ inú, ọmọ ò ní lè mí dáadáa, ẹ̀jẹ̀ ò sì ní dé kídìnrín rẹ̀.

Kì í ṣe iṣẹ́ aráyé, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ìyá. Àwọn ìyá tí kò tíì pé ọmọ 20 ọdún ni gastroschisis wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ wọn. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì wọ́n láti lọ ṣe síkáànù ní nǹkan bí oṣù karùn-ún oyún. Bí síkáànù bá fi hàn, kí wọ́n ṣètò ìbímọ sí ibi tí oníṣẹ́ abẹ ọmọdé wà, bíi ilé ìwòsàn UCH n'Ibàdàn, OAUTHC n'Ilé-Ifẹ̀ tàbí LUTH ní Ìdí-Àràbà.

Mo bẹ̀ yín, lónìí, ẹ lẹ nọ́ńbà ilé ìwòsàn ńlá tó sún mọ́ yín àti ti awakọ̀ kan mọ́ ara ògiri yàrá ìgbẹ̀bí, kí ẹ sì tọ́jú ọ̀rá tó mọ́ síbẹ̀.