Ẹ Gé Òkúta Náà Kí Ẹ Tó Dá A Lẹ́jọ́

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ òkúta,

Bàbá agbẹ́kànga kan láti Ibafo gbé òkúta kan wá sí ọ́fíìsì kan, ojú mi ló ṣe. Kò ju ẹ̀ṣẹ́ tí èèyàn dì lọ. Ó ti fọ̀ ọ́, ó fi aṣọ wé e, ó ní ó dà bí ẹdùn àrá. Ọ̀gá kékeré tó wà lórí àga rẹ́rìn-ín, ó fi mágínẹ́ẹ̀tì kàn án, kò lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa. Ó ní, "Yangí ni," ó sì jù ú sẹ́bàá ọgbà. Kò pé ìṣẹ́jú kan.

Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń gé òkúta, tí mo ń lọ̀ ọ́ lórí gíláàsì títí yóò fi fẹ́lẹ́ dé 0.03 mìlímítà. Ibi tí òkúta bàbá yẹn ti ṣẹ́, mo rí kóró róbótó-róbótó níbẹ̀, bí hóró ọkà bàbà. N kò sọ pé ojú ọ̀run ló ti já o. Ohun tí mo ń sọ ni pé kò sẹ́ni tó wò ó.

Mágínẹ́ẹ̀tì yìí, irọ́ ló ń pa fún wa lọ́tùn-ún lósì. Ìdàrọ́ irin á lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́, inú yín á dùn. Òkúta ọ̀run tó ti pẹ́ nínú òjò ilẹ̀ wa ńkọ́? Bó bá ti dé ìpele ìpẹtà W4, ìpẹtà ti jẹ irin inú rẹ̀ tán. Kí lẹ fẹ́ kó fà? Kí lẹ fẹ́ fi mọ òkúta ọ̀run irú H yàtọ̀ sí irú L? Olivine ló kù tó lè sọ̀rọ̀: Fa 16 sí 20 kò lè jẹ́ L láéláé, ìpẹtà ì báà bo gbogbo rẹ̀.

Ẹ tiẹ̀ wo òkúta ọ̀run Zagami. Ní 1962, ó já sí oko àgbàdo ní ilẹ̀ Katsina, kílò 18, níṣojú àgbẹ̀ tó ń lé màlúù. Mars ló ti wá, kò sì ní ògidì irin lára. Ká ní àgbẹ̀ yẹn kò sí lóko, tí ẹnì kan kàn gbé e wá bá yín lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ẹ̀bá ọgbà ni ì bá wà.

Àwọn kan dá mi lóhùn pé yangí náà ní kóró róbótó. Òótọ́ ni, mo gbà fún wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gé e, kóró yangí á hàn ní ìpele-ìpele bí àlùbọ́sà, àwọn chondrule kan, ìyẹn kóró òkúta ọ̀run, á sì fi olivine wọn hàn ní ìlà gbọọrọ-gbọọrọ. Bí etí chondrule bá ti pòórá mọ́ ara òkúta, ẹ ti ń sún mọ́ irú 6 nìyẹn. Ta ló lè fi ojú lásán rí èyí lára èèpo tó ti pọ́n?

Mo mọ̀ pé iná kò sí, abẹ ayùn oní-dáyámọ́ǹdì sì wọ́n. Ẹ jẹ́ ká dáwó jọ, ká máa yá ara wa lẹ́rọ, a óò rí ọgbọ́n dá sí i. Kí ẹni tí kò bá tíì gé òkúta ṣáà yéé fún un lórúkọ.

Mo padà lọ sí ọ́fíìsì yẹn lọ́jọ́ kejì láti wá òkúta bàbá náà. Àwọn bíríkìlà ti dà á mọ́ kọnkéré ìdí géètì.

Bàbá náà pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá láti Ibafo. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, òkúta mi ńkọ́?"