Àtúnlò Ike Lọ́nà Kẹ́míkà: Olùrànlọ́wọ́ Ni, Kì í Ṣe Arọ́pò Òfin

Láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2025 ni Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti ń mú òfin tí ó de ike àlòsọnù ṣẹ: ife, ṣíbí, abọ́, sítírọ́ọ̀ àti àpò ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ṣáájú èyí, ní oṣù Kìíní ọdún 2024, ni ìjọba ti fòfin de abọ́ fóòmù. Ẹnìkan lè béèrè pé: nígbà tí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ti lè sọ ike di epo, kí ni a tún ń de é fún?

Àtúnlò tí ó wọ́pọ̀ láàárín wa ni kí a fọ ike, kí a lọ̀ ọ́, kí a yọ́ ọ, kí a sì fi ṣe nǹkan mìíràn. Èyí dára fún ìgò ike, ṣùgbọ́n ọ̀rá tí ẹrẹ̀ ti bò kì í bá a mu. Ti kẹ́míkà yàtọ̀. Nínú ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní pyrolysis, a ó kó ike sínú àgbá tí afẹ́fẹ́ kò wọ̀, a ó sì fi ooru líle tú u palẹ̀ di epo àti gáàsì. A lè fi epo náà ṣe ike tuntun.

Àǹfààní ńlá ni, ṣùgbọ́n ó ní ààlà. Agbára iná tí ó ń gbà pọ̀. Bí ike tí a fi ń ṣe páìpù bá dà pọ̀ mọ́ ọn, ásíìdì tí ó ń tú jáde a máa jẹ ẹ̀rọ. Bí a bá sì sun epo náà nínú ẹ́ńjìnnì, ike tuntun kò tibẹ̀ jáde mọ́. Ní ìpínlẹ̀ Indiana ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ Brightmark tí a kọ́ láti máa lo 100,000 tọ́ọ̀nù ike lọ́dún ti wọ gbèsè, ó sì lọ sílé ẹjọ́ fún ààbò ní oṣù Kẹta ọdún 2025.

Kò sí ẹ̀rọ tí yóò wọ inú gọ́tà lọ ṣa ọ̀rá fún wa. Pàǹtí tí a kò bá yà sọ́tọ̀ nílé, ojú àgbàrá ni yóò gbà lọ, ibẹ̀ ni yóò sì ti dí omi. Òjò kò sì bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀rẹ́. Ẹni tí eji bá rí ni eji ń pa.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á ya ìgò ike àti ọ̀rá omi sọ́tọ̀ ní gbígbẹ, kí á kó wọn fún àwọn tí ń rà wọ́n, kí á sì mú àpò tiwa lọ sọ́jà. Ike tí a kò lò rárá kò nílò ẹ̀rọ kankan.