Bí Kẹ̀kẹ́ Oníná Bá Dákẹ́, Ta Ni Ká Dá Lẹ́bi?

Ọ̀rọ̀ wa lọ́tẹ̀ yìí dá lórí kẹ̀kẹ́ ológeere tó ń lo iná mànàmáná, nítorí pé ọ̀kan nínú àwọn bàbá ilé ẹ̀kọ́ wa wá bá mi pẹ̀lú lẹ́tà lọ́wọ́. Kẹ̀kẹ́ tó rà ní oṣù márùn-ún sẹ́yìn ti dákẹ́. Ẹni tó tà á fún un kọ̀wé pé omi ló wọ inú kọntirólà, pé wáráńtì kò sì bo ti omi. Wọn kò tíì fojú kan kẹ̀kẹ́ náà tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ òru ni bàbá yìí ń ṣe, kẹ̀kẹ́ yìí ló sì ń gbé e délé ní ìdájí. Ó ti fẹ́ fi owó ara rẹ̀ ra kọntirólà mìíràn. Mo ní kó dúró ná.

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Òwe yìí bá ẹni tó tajà wí, ó sì bá àwa tí a rajà wí. Ká tó sọ pé kọntirólà ló kú, ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn.

Mẹ́rin ni wọ́n. Bátìrì ló ń gbé agbára. Ẹ̀rọ kan wà láàárín táyà tó ń yí i. N kò ní pè é ní mọ́tò, torí pé ọkọ̀ ni mọ́tò lẹ́nu wa. Àwọn atanilólobó kéékèèké wà tí wọ́n ń sọ bóyá ẹsẹ̀ ń wa pédà, bóyá ọwọ́ wà lórí bíréèkì, àti ibi tí ẹ̀rọ yí dé. Ẹ̀kẹrin ni kọntirólà, àpótí kékeré tó ń gba iná bátìrì, tó sì ń pín in sínú wáyà mẹ́ta tó nípọn tó wọ inú ẹ̀rọ. Bí ọ̀kan nínú àwọn yòókù bá ṣàìsàn, ó lè dà bíi pé kọntirólà ló kú. (Bí ẹ̀rọ kẹ̀kẹ́ yín bá wà níbi pédà dípò inú táyà, ẹ fi ti yín sílẹ̀ fún oníṣẹ́.)

Báyìí ni kí ẹ ṣe ìwádìí. Ẹ ya fọ́tò ohun gbogbo kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Èkíní, bátìrì. Bátìrì tí wọ́n kọ 36V sí lára, bó bá kún, nǹkan bíi 42V ni mítà máa kà. Bó bá ka òdo, ẹ má tíì dá kọntirólà lẹ́bi. Ẹ má sì tú bátìrì o! Ó lè gbiná, kó sì jó ilé.

Èkejì, bíréèkì. Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ oníná ní ohun kan níbi ọwọ́ bíréèkì tó ń gé iná bí a bá ti fà á. Bó bá há, gbogbo nǹkan á tàn, ṣùgbọ́n táyà kò ní yí. Ẹ gbé táyà kúrò nílẹ̀, ẹ yọ wáyà bíréèkì náà, kí ẹ sì dán an wò. Bó bá yí, bíréèkì ni ọ̀rọ̀ kàn. Ẹ má gun kẹ̀kẹ́ náà bẹ́ẹ̀ o, ìdánwò lásán ni.

Ẹ̀kẹta, ibi tí wáyà ti so pọ̀. Ẹ wò ó bóyá ó tẹ̀, bóyá ó dógùn-ún, bóyá omi wà níbẹ̀. Ẹ wo ibi tí wáyà ti wọ inú táyà dáadáa, torí ibẹ̀ ló máa ń tètè já.

Ẹ̀kẹrin ni mo fẹ́ràn jù, torí kò ná wa ní kọ́bọ̀. Ẹ yọ bátìrì kúrò pátápátá. Ẹ fi ọwọ́ yí táyà. Bó bá le, tó ń ta kókó, ẹ yọ wáyà ẹ̀rọ kúrò lára kọntirólà, kí ẹ tún un yí. Bó bá wá ń yí wọ́ọ́rọ́, a jẹ́ pé inú kọntirólà ni àwọn ohun tó ń tan iná tó sì ń pa á ti jó lẹ̀ mọ́ra. Bó bá ṣì le, inú ẹ̀rọ tàbí wáyà rẹ̀ ni kí ẹ wò. Àwọn ẹ̀rọ kan máa ń yí wọ́ọ́rọ́ síwájú nígbà gbogbo. Ẹ yí ti irú wọn sẹ́yìn kí ẹ tó lè mọ̀.

Ẹ̀karùn-ún, bí ẹ bá ní mítà. Bátìrì kò gbọdọ̀ sí lára kẹ̀kẹ́, ẹ sì dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí iná tó kù nínú kọntirólà tán. Ẹ wọn àárín wáyà dúdú tó ń gba iná bátìrì àti ọ̀kọ̀ọ̀kan wáyà mẹ́ta tó nípọn. Ẹ tún fi wáyà pupa ṣe bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọra. Bí ọ̀kan bá fẹ́rẹ̀ẹ́ ka òdo tí àwọn yòókù sì ga, kọntirólà ti kú nìyẹn.

Ẹ má ṣí àpótí kọntirólà. Bí ẹ bá ti já ohun tí wọ́n fi dí i, ẹ ti fún ẹni tó tajà ní ọ̀rọ̀ sọ.

Nínú ti bàbá tí mo sọ, táyà le nígbà tí wáyà wà nídìí rẹ̀. Bó ṣe yọ ọ́, ó ń yí fàà. Wáyà kan ka òdo. Gbogbo ibi tí wáyà ti so pọ̀ gbẹ, wọn kò dógùn-ún. Fọ́tò rẹ̀ wà.

Ó wá ku ẹjọ́. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ní Nàìjíríà ló máa ń kọ ọ́ sára risíìtì pé ọjà tí a bá ti san owó rẹ̀ kò ṣe é dá padà. Ọkàn wa ti gba bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ti ní “rárá,” ẹlòmíràn á ní kí Ọlọ́run pèsè òmíràn, ẹlòmíràn á lọ pariwo ní ṣọ́ọ̀bù. Méjèèjì kò ràn wá lọ́wọ́ níbí.

Wáráńtì jẹ́ ìlérí tí wọ́n fi kún un. Ẹ̀tọ́ yín lábẹ́ òfin wà lọ́tọ̀. Òfin tí wọ́n ń pè ní Consumer Rights Act 2015 sọ pé ọjà gbọ́dọ̀ dára tó bó ṣe yẹ. Ọwọ́ ẹni tó ta ọjà fún yín ni ẹ ti máa béèrè, bó tilẹ̀ ní kí ẹ lọ bá ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Bí àbùkù bá yọjú láàárín oṣù mẹ́fà, òfin gbà pé ó ti wà nínú ọjà láti ọjọ́ tí ẹ gbà á. Ẹni tó tajà ló máa fi ẹ̀rí hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Oṣù márùn-ún ni ti bàbá yìí. Nítorí náà “omi ni” lásán kò tó. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ̀yin lẹ máa wá ẹ̀rí. Bí wọ́n bá tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan tí kò sì dára, ẹ lè dá a padà gba owó, tàbí kí wọ́n dín owó rẹ̀ kù.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ síra wa: bí ẹ bá ti yí kẹ̀kẹ́ padà kí ẹ̀rọ rẹ̀ lè máa gbé e kọjá máìlì 15.5 ní wákàtí kan tí òfin gbà, ẹjọ́ yín máa ṣòro.

Ẹ kọ lẹ́tà kúkúrú: ọjọ́ tí ẹ rà á, ọjọ́ tó dákẹ́, ohun tí ẹ rí nínú ìwádìí, ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe, àti ọjọ́ 14 tí ẹ fún wọn láti fèsì. Ẹ má bú ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá kọ̀, tó sì jẹ́ káàdì ìyáwó lẹ fi san án, tí iye rẹ̀ ju £100 lọ tí kò sì ju £30,000 lọ, Section 75 inú òfin Consumer Credit Act 1974 fún yín láyè láti béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ káàdì náà. Citizens Advice máa gbà yín nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́.

Bàbá wa fi lẹ́tà tirẹ̀ ránṣẹ́. Wọ́n ti fèsì pé àwọn máa wá gbé kẹ̀kẹ́ náà láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹjọ́ kò tíì parí, ṣùgbọ́n wọn kò sọ̀rọ̀ omi mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí ẹ máa kọ́ nìyí: àbùkù, ẹ̀rí, ẹ̀tọ́, ìwádìí. Ẹ wá ohun kan tó bàjẹ́ nílé. Kí ẹ̀yin àti òbí yín jọ kọ gbólóhùn márùn-ún lórí ohun tó ṣe é àti bí ẹ ṣe mọ̀. Ẹ mú un wá ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀. Ẹ má tú bátìrì o.