Peter Alliss: Ohùn Ẹni tí Ó Mọ Ìṣubú



Nínú gbogbo eré àwọn Òyìnbó, bóyá kò sí èyí tí ó ṣòro fún wa láti lóye bíi gọ́ọ̀fù. Ọkùnrin kan dúró lórí pápá ńlá, ó fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù funfun kékeré kan, bọ́ọ̀lù náà fò lọ jìnnà, ọkùnrin náà sì bẹ̀rẹ̀ sí fẹsẹ̀ rìn tẹ̀ lé e. Ihò 18 ni ó wà lórí pápá. Ẹni tí iye ìgbà tí ó gbá bọ́ọ̀lù kí ó tó wọ gbogbo ihò wọ̀nyí bá kéré jù lọ ni ó borí. Ìdíje ńlá a máa gba ọjọ́ mẹ́rin, ìrìn ni ó sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó jókòó sílé níwájú tẹlifísọ̀n nílò ẹnìkan tí yóò máa bá a sọ̀rọ̀, bí alájọrìn ẹni ti ń bá ni sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà oko.

Fún àwọn ará Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, Peter Alliss ni alájọrìn náà fún nǹkan bí ọgọ́ta ọdún. Ó kú ní ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá ọdún 2020, ní ọmọ ọdún 89. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò fojú kàn án rí ni ó ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé ará ilé wọn ni. Kí ni ó fà á? Èyí ni mo fẹ́ kí a jọ rò lónìí.

Inú eré náà ni a bí i sí. Ìlú Berlin ní Jámánì ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1931, nítorí pé Percy, bàbá rẹ̀, ni olùkọ́ gọ́ọ̀fù ní pápá Wannsee níbẹ̀. Kò pẹ́ nílé ìwé. Ní ọdún 2012, nígbà tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn ẹni ńlá nínú gọ́ọ̀fù àgbáyé, ó rántí olùkọ́ kan tí ó ti kọ̀wé sí àwọn òbí rẹ̀ pé ọjọ́ iwájú ọmọ yìí ń ba òun lẹ́rù. Ọmọ náà gbé ọ̀pá bàbá rẹ̀, ó sì di ògbóǹtagí. Ní ọdún 1958, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ó tẹ̀ léra, ó borí nínú ìdíje ńlá ti Itálì, ti Spéìn àti ti Pọ́túgà. Ìgbà 8 ni ó wà nínú ẹgbẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tí ó bá àwọn ará Amẹ́ríkà figagbága nínú ìdíje Ryder Cup. Bàbá rẹ̀ náà ti ṣe é ṣáájú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìgbà 8 wọ̀nyí kò dára fún un. Ọdún 1953 ni, ní pápá Wentworth. Ọmọ ọdún 22 ni. Ó dé ihò ìkẹyìn, ojú gbogbo ènìyàn wà lára rẹ̀. Ó gbá bọ́ọ̀lù kan, kò lọ ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ó dé itòsí ihò, níbi tí ọmọdé pàápàá lè rò pé òun yóò gbá a wọlé, ó sì tàsé. Ihò kan ṣoṣo ni Jim Turnesa ará Amẹ́ríkà fi borí rẹ̀. Ẹgbẹ́ Gẹ̀ẹ́sì sì pàdánù pẹ̀lú àmì 5½ sí 6½. Nígbà tí ó yá, wàhálà kan tí àwọn eléré gọ́ọ̀fù mọ̀ dáadáa tún mú un: bí ó bá ti kù kí ó rọra ti bọ́ọ̀lù wọ ihò, ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́.

Ọ̀rọ̀ sísọ ni ó ṣí ọ̀nà mìíràn fún un. Ọ̀gá kan ní BBC gbọ́ bí ó ti ń tàkúrọ̀sọ nínú ọkọ̀ òfuurufú, ó sì rí i pé ẹnu ọkùnrin yìí dùn. Ní ọdún 1961 ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pẹ̀lú wọn. Henry Longhurst, akọ̀ròyìn, ni àgbà tí ó bá lẹ́nu iṣẹ́ náà. Àgbà yìí mọ ohun kan tí ọ̀pọ̀ asọ̀rọ̀ kò mọ̀: pé ohun tí ojú ti rí, kò yẹ kí ẹnu tún máa pariwo rẹ̀. Ó lè dákẹ́ pẹ́, kí ó wá sọ gbólóhùn kan, kí ó sì tó. Alliss kọ́ èyí lára rẹ̀. Nígbà tí Longhurst kú ní ọdún 1978, Alliss gba ipò rẹ̀. Kì í kánjú. Bí kámẹ́rà bá fi ajá kan tí ń sáré létí òkun hàn, yóò sọ̀rọ̀ ajá náà díẹ̀, kí ó tó padà sórí bọ́ọ̀lù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọjọ́ kan tí ó kan àwọn ará Faransé. Ní oṣù Keje ọdún 1999, ní Carnoustie ní Skọ́tílándì, Jean Van de Velde dé ihò ìkẹyìn nínú ìdíje Open. Ará Faransé kankan kò tíì gba ife yìí láti ìgbà Arnaud Massy ní ọdún 1907. Òun sì rèé, ó ti fi 3 ṣáájú gbogbo wọn. Bí ó bá gbá bọ́ọ̀lù nígbà 6 ní ihò yìí, ife di tirẹ̀. Ọ̀nà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ wà, kò tọ̀ ọ́. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ kejì lu irin ìjókòó àwọn òǹwòran, ó ta padà, ó bọ́ sínú koríko gíga. Ẹ̀kẹta wọ inú odò kékeré tí wọ́n ń pè ní Barry Burn. Ọkùnrin náà bọ́ bàtà, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ó ká ṣòkòtò, ó sì wọ inú omi lọ láti wò ó bóyá òun lè gbá a láti ibẹ̀.

Alliss ń wò ó. Inú bí i. Ó bi í pé kí ni ó ń ṣe yìí. Ó ní kí ẹnìkan jọ̀wọ́ lọ dá a dúró, kí wọ́n fún un ní ọtí líle. Àwọn kan sọ pé ọ̀rọ̀ náà le jù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá tẹ́tí sí i dáadáa yóò mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀rín ẹlẹ́yà. Ohùn àgbà ni, tí ó rí ọmọ létí kànga, tí kò sì lè na ọwọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìgbà 7 ni Van de Velde gbá bọ́ọ̀lù ní ihò náà. Àwọn mẹ́ta wá dọ́gba, Paul Lawrie ará Skọ́tílándì sì borí nínú àfikún eré. Alliss mọ ohun tí ó ń wò. Ó ti dúró níbẹ̀ rí, ní Wentworth.

N kò ní sọ pé ẹnu rẹ̀ kò ṣìṣe rí. Ẹyin ni ohùn. Bó bá bọ́, kò ṣeé kó. Ní ọdún 2015, nígbà tí Zach Johnson fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù pàtàkì kan, Alliss sọ nípa ìyàwó rẹ̀ pé bóyá ilé ìdáná tuntun ni ó ń rò. Ní ọdún 2016, nígbà tí wọ́n ń jiyàn bóyá kí ẹgbẹ́ Muirfield gba obìnrin wọlé, ó ní kí ẹni tí ó bá fẹ́ wọ ibẹ̀ lọ fẹ́ ọkọ tí ó wà nínú ẹgbẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn bínú, wọ́n sì jàre. Àánú tí ó ní fún ẹni tí ó ń tàsé lórí pápá, kò ránti mú un dé ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n tì mọ́ ẹnu ọ̀nà.

Síbẹ̀, ìyà ilé kò ṣàjèjì sí i. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ ní àìlera ọpọlọ tí ó lágbára, ó sì kú ní ọmọ ọdún 11. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Alliss fi kó owó jọ láti ra kẹ̀kẹ́ tí ń fi iná mànàmáná rìn fún àwọn ọmọ tí kò lè rìn.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà, ilé rẹ̀ ni ó jókòó sí tí ó ti sọ̀rọ̀ lórí ìdíje Masters tí wọ́n ń ṣe ní Amẹ́ríkà. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí ó fi kú.

Ẹ̀yin òbí, nígbà tí èsì ìdánwò bá jáde, tí wọ́n lẹ orúkọ mọ́ ògiri, ọmọ kan yóò wá tirẹ̀ tì. Gbogbo ojú ni yóò wà lára rẹ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ti rí i; kò nílò ẹni tí yóò pariwo rẹ̀ fún àdúgbò. Ẹ bá a wí bí ìbáwí bá tọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó gbọ́ nínú ohùn yín pé ẹ̀yin náà ti tàsé rí. Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́ díẹ̀, kí ẹ sì bá a rìn délé.

Ó dìgbà mìíràn o.